Kọ́kọ́rọ́ àti Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Ihò

Kí ẹ tó rí ọkùnrin náà rárá, ariwo irin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ṣinwin-ṣinwin, ṣinwin-ṣinwin, láti orí àtẹ̀gùn òkè títí dé ẹnu géètì. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan tó tóbi tó orí ọmọ tuntun ló máa ń so mọ́ bẹ́líìtì, á sì máa fi ìbàdí gbọ̀n ọ́n bó bá ti ń rìn, kí gbogbo ayálégbé lè mọ̀ pé ẹni ńlá ń bọ̀. Ẹni ńlá! Kíátékà lásánlàsàn ni. Ibi tó jìnnà ni onílé ń gbé, kì í wá, kò sì wù ú láti wá. Ó kàn fẹ́ ẹnì kan tí á máa sọ fún un lórí fóònù pé òrùlé kò tíì jò. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò ju ìyẹn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di oyè. Nígbà tí àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Kọ́kọ́rọ́, ó rò pé wọ́n ń kì í ni.

Ìlànà kan wà nínú ilé náà. Ẹnikẹ́ni tó bá gba yàrá lókè tàbí ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ kejì sílẹ̀ lọ́wọ́ kíátékà, nítorí iná. Bí iná bá sọ, tí ẹni tó ni yàrá ò sí nítòsí, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n ilé náà kò jó rí, Kọ́kọ́rọ́ kò sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan lọ láìṣílẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Ó ní bó ṣe ń ṣe é. Mítà gbogbo ilé wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú àpótí onírin tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ṣí i. Kó tó wọ yàrá ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ lọ pa súìṣì yàrá náà. Lẹ́yìn náà ni á wá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹni tó ni yàrá bá ṣèèṣì dé, tó bá a níbi tó ti ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, Kọ́kọ́rọ́ á kàn tọ́ka sí gílóòbù. Á ní, "Ẹ dé? Iná yín ló kú. Mo ní kí n wá wo wáyà, kó má lọ jólé mọ́ wa lórí." Ẹni náà á tẹ súìṣì, iná ò ní tàn. Kí ló kù tó fẹ́ sọ? Á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọgbọ́n orí rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ọmọ bíbí inú.

Olè kọ́ o. Ká fi tirẹ̀ fún un. Kì í mú nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni, kó lè máa fi yangàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ pé bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn: tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nílé, á ṣí àpótí ìyá wọn, á tú aṣọ, á kó o padà, nígbà tí ìyá bá sì dé, òun fúnra rẹ̀ ni á bi í pé, "Màámi, aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn dà, tí ẹ ò wọ̀ mọ́?" Wọ́n á fi igi lù ú, kò ní gbọ́. Ó ṣe oníṣitọ́ọ̀ sí ilé iṣẹ́ kan, wọ́n lé e nítorí ó ń já páálí wò. Ó ṣe aṣọ́nà sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n bá a tó ń ṣe nídìí ihò ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ìyàwó tó fẹ́ pàápàá, nígbà tí wọ́n bi í ìdí tó fi kó jáde, kò ní ọkọ òun ń na òun, kò ní ó ń febi pa òun. Ó ní ó sú òun kí òun máa bá nǹkan inú báàgì òun níbi tí òun ò fi í sí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá kó kọ́kọ́rọ́ odidi ilé lé lọ́wọ́.

Lókè ilé náà, Dírẹ́bà kan àti ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ gba yàrá. Télọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe ìyàwó náà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọwọ́ Dírẹ́bà yá láti lu èèyàn, lára Télọ̀ ló sì ti máa ń yá jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Télọ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá wọ yàrá inú, ó tilẹ̀kùn, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́. Dírẹ́bà gbá ilẹ̀kùn títí, ilẹ̀kùn ò mira. Ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá mi," ló wí, "ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá mi ṣe é."

Bàbá mi! Orí Kọ́kọ́rọ́ wú bí búrẹ́dì. Ó gun àtẹ̀gùn bí ọba tó ń lọ jókòó, ó ṣa kọ́kọ́rọ́ kan yọ láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ láìwojú rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ó tiẹ̀ tún di ilẹ̀kùn mú kí Dírẹ́bà fi wọlé, bí ẹni ń gba àlejò pàtàkì. Ohun tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn obìnrin gbé Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó di í mú bí ẹni di owó mọ́tò mú.

Tàípíìsì jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísàlẹ̀. Opó ni obìnrin yìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, láptọ́ọ̀pù kan tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ jẹun: á bá èèyàn tẹ lẹ́tà, á ya káàdì ìpè, á ya pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ó wo ẹnu Télọ̀, ó sì yíjú sí Kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn?"

"Ọkọ ẹ̀ ni. Ilé ẹ̀ ni."

"Ẹni tó wà nínú ilé ńkọ́? Ṣé òun náà ní kẹ́ ẹ ṣí i?"

"Ìyá Tàípíìsì, ẹ má fi ariwo yọ mí lẹ́nu. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ mi ló sì wà." Ó gbọn ìbàdí. Ṣinwin.

Tàípíìsì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wo ohun tí ológbò gbé wọlé. Ó ní, kò tiẹ̀ pariwo, "Irin lásán lẹ kó sápò, Bàbá, ẹ ò kó làákàyè kankan sórí."

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. Obìnrin ló sọ ọ́, obìnrin tí kò lọ́kọ pàápàá, kí ni yóò máa rò nínú rẹ̀? Kó tó dé ìdí àtẹ̀gùn ló ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Bí gbogbo nǹkan tí wọ́n ń bá a sọ ṣe ń rí lára rẹ̀ nìyẹn: bí òjò lára páànù, ariwo lásán, kì í wọlé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Télọ̀ ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Dírẹ́bà wá a dé ilé àwọn ẹbí, ó wá a dé ibùdókọ̀, kò rí i. Tàípíìsì nìkan ló mọ ibi tó wà, Tàípíìsì kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ti ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ojú Kọ́kọ́rọ́ ti wà lára láptọ́ọ̀pù yẹn. Ó ti ṣí gbogbo ìkòkò inú ilé náà wò, ó ti ka gbogbo ìwé, ó mọ ẹni tí àwòrán kìnnìún wà lára àwòtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan yìí nìkan ló kù tí kò mọ inú rẹ̀. Nígbà tí Tàípíìsì rìnrìn àjò lọ síbi òkú ẹbí kan, Kọ́kọ́rọ́ pa súìṣì, ó wọlé, ó gbé ẹ̀rọ náà, ó di ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú ọ̀nà.

"Tọmọ mi ni," ló sọ. "Ó gbàgbé pásíwọọ̀dù."

Ẹnjiníà jẹ́ ẹni tó máa ń bèèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, kì í bèèrè ẹni tó ni ín. Ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà, ó yọ háàdì rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sí, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì tú jáde gbàrà. Pásíwọọ̀dù ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ jókòó, ó ń kà á, ó ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé tuntun mìíràn láti máa ṣọ́.

Nígbà tó kà á tán, ó gbé ẹ̀rọ náà padà síbi tó ti mú un. Tó bá dákẹ́ ni, ì bá ti lọ báyẹn. Ṣé ó lè dákẹ́? Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà Onígbàjámọ̀.

"Ẹ fẹ́ kó kúrò níbí, ẹ ò sọ fún wa?"

"Èmi kẹ̀?"

"'Mo fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún àyè nínú ọjà tuntun yín.'" Ó ṣu ẹnu pọ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé. "Ẹ̀bẹ̀ yín dùn o! Wọ́n á fún yín."

Tàípíìsì nìkan ni Onígbàjámọ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ náà, òun ló bá a tẹ lẹ́tà náà. Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí iná. "Ìyá, mo pè yín ní ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ̀yin náà lẹ wá ń gbé ọ̀rọ̀ mi fún àgbàyà yẹn?"

Tàípíìsì kò jà, kò búra. Ó wo ìdí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó rí i pé ìṣó kékeré kan ti fò. Ó gbé e, ó di ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà.

"Ẹnjiníà, ṣé ẹ̀rọ yìí ti débí rí?"

Ẹnjiníà rí àwòrán òdòdó tí ọmọ-ọmọ obìnrin náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Bàbá kan gbé e wá. Ó ní tọmọ òun ni."

"Irú ọmọ wo ni bàbá yẹn lè bí tó máa lo kọ̀ǹpútà?"

"Ìyá, iṣẹ́ ni mo ń ṣe."

"Ó dáa," ni Tàípíìsì wí, ó sì yínmú débi tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú orí. "Ẹ wá ṣe iṣẹ́ fún èmi náà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí inú ẹ̀, kódà bí ó bá gbé e sùn."

Ìtìjú mú kí Ẹnjiníà ṣàlàyé ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó ní pásíwọọ̀dù tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà ni: ẹni tó bá dúró níta kò ní ríran, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé odidi ilé lọ sí kọ̀rọ̀ á kàn tú ògiri ni. "Ohun tá a máa ṣe báyìí, a máa da gbogbo ohun tó wà nínú háàdì rú. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ gbólóhùn yín, ẹ̀rọ á máa tò ó fún yín. Ẹlòmíì tó bá yọ ọ́, wúruwùru ló máa rí."

"Gbólóhùn wo?"

"Kó gùn. Kó má jẹ́ orúkọ ọkọ yín, kó má jẹ́ tọmọ, kó má jẹ́ àdúrà. Ohun tí irú bàbá yẹn ò ní rò láéláé. Bẹ́ ẹ bá sì gbàgbé ẹ̀, èmi gan-an ò lè ṣí i, torí náà ẹ fi ẹ̀dà nǹkan yín síbòmíì." Ó yọ bátìrì jáde, ó ti wú bí ikùn aboyún. "Èyí ò dáa mọ́, ó lè gbiná. Wáyà ni kẹ́ ẹ máa fi lò ó. Ẹ gbọ́ o, Ìyá: tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ pa á. Ẹ má kàn dé e. Tẹ́ ẹ bá kàn dé e, ó ń tòògbé ni, gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ ti ṣí ṣì wà ní ṣíṣí."

Tàípíìsì ní kó yọ pásíwọọ̀dù kọ́tìnì yẹn kúrò, òun ò ní máa tẹ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnjiníà ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Tàípíìsì ní òun ti gbọ́. Ó fà á sún mọ́ra, ó ní kí Ẹnjiníà kọjú sí ògiri, ó sì tẹ gbólóhùn kan tó gùn dáadáa. Ẹ̀rín ń pa á bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀. Télọ̀ ti rí ibi jókòó sí, ó ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ránṣẹ́ sí Tàípíìsì pé kó bá òun ya káàdì tí òun yóò máa pín fún àwọn oníbàárà. Tàípíìsì yà á: ẹ̀rọ ìránṣọ lápá òsì, orúkọ àkọ́bí Télọ̀ gàdàgbà lókè gẹ́gẹ́ bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà nísàlẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, yíǹkì dà á rú. Ó fà á ya, ó fi apá tí àdírẹ́sì wà sápò láti lọ jó o nílé, ó ju apá kejì sínú garawa ìdọ̀tí. Ohun tó yẹ kó rántí ni pé Kọ́kọ́rọ́ máa ń tú garawa.

Kọ́kọ́rọ́ rí àbọ̀ káàdì. Ó rí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rí orúkọ ọmọ. Ẹni tí kò lè ka ìrònú ara rẹ̀, ó ka ìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ tó fi dé ọ̀dọ̀ Dírẹ́bà.

"Mo ti rí ìyàwó ẹ," ló sọ.

Dírẹ́bà dìde. "Níbo?"

"Ó wà nínú láptọ́ọ̀pù Tàípíìsì. Àdírẹ́sì ẹ̀ àti nọ́ńbà, gbogbo ẹ̀."

"Bàbá mi!" Dírẹ́bà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Bàbá mi tòótọ́! Tẹ́ ẹ bá lè bá mi rí i, mo máa lọ mú un lónìí. Ó máa mọ̀ pé èmi ni mo fẹ́ ẹ."

Kò gba owó kan lọ́wọ́ rẹ̀ o, ẹ má ṣì í mú. Ì bá sàn tó bá gbà á, ẹni tó ń gbowó ṣiṣẹ́ ibi ṣì mọ ohun tí ibi tó. Kọ́kọ́rọ́ fẹ́ fi obìnrin kan lé ẹni tí yóò pa á tán lọ́wọ́ nítorí wọ́n pè é ní bàbá.

Ọjọ́ kejì, ní ìyálẹ̀ta, wọ́n pe Tàípíìsì láti iléèwé pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì, orí rẹ̀ bẹ́. Iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́. Ó fò dìde, ó fi ọwọ́ kan gbá láptọ́ọ̀pù dé, ó fi ọwọ́ kejì fa gèlè, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré. Kò pa á. Ó dé e lásán. Gbogbo ohun tí Ẹnjiníà ní kó má ṣe ló ṣe tán ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀rọ náà sì wà lórí tábìlì tó ń tòògbé, wáyà lára, inú rẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu, káàdì Télọ̀ ló sì wà lókè pátápátá. Ẹnikẹ́ni tó bá kàn gbé ìdérí náà sókè, á rí i.

Kọ́kọ́rọ́ rí Tàípíìsì nígbà tó sáré lọ. Kọ́kọ́rọ́ kejì ṣọ́ọ̀bù náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mélòó kan péré ló kù láàárín òun àti ibi tí Télọ̀ ń gbé.

Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni. Ó lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn ná, ó ṣí àpótí mítà, ó sì pa súìṣì ṣọ́ọ̀bù Tàípíìsì, kó lè ní ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá ká a mọ́ ibẹ̀. Nígbà náà ló tó wọlé, tó ká wáyà, tó fi láptọ́ọ̀pù sábẹ́ ẹ̀wù bí ẹni gbé ọmọ, tó sì gun òkè lọ bá Dírẹ́bà.

Wọ́n so ó mọ́ iná, wọ́n tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó ń dúró de gbólóhùn.

"Ẹ tẹ orúkọ ọkọ ẹ̀ tó kú," ni Dírẹ́bà wí.

Kọ́kọ́rọ́ fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ bí adìẹ tó ń ṣa ọkà. Kò ṣí. Wọ́n tẹ orúkọ àwọn ọmọ. Wọ́n tẹ orúkọ ọmọ-ọmọ. Wọ́n tẹ Ọlọ́run tóbi, wọ́n tẹ Ọlọ́run ṣeun. Kọ́kọ́rọ́ yí ẹ̀rọ náà ká, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá yóò rí ibi tí wọ́n ń ki nǹkan bọ̀. Ilẹ̀kùn tí kò ní ihò, kò rí irú rẹ̀ rí.

"Kò tó ìjà," ló wí. "Ẹnjiníà á kàn yọ ikùn ẹ̀."

Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà. Òdòdó ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyẹn kọ́kọ́ rí. Ó wo Kọ́kọ́rọ́. "Tọmọ yín yìí náà ni?"

"Yọ háàdì ẹ̀, má bi mí léèrè ọ̀rọ̀."

Ẹnjiníà yọ ọ́. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì yí ojú rẹ̀ sí wọn. Wúruwùru. Kò sí lẹ́tà, kò sí àwòrán, ó rí bí ìgbà tí ẹnì kan da ìyẹ̀fun sílẹ̀ tí àwọn èèrà gba orí rẹ̀ kọjá.

"Kí nìyí?" ni Dírẹ́bà bèèrè.

"Ohun tẹ́ ẹ gbé wá nìyẹn. Ọwọ́ mi ni mo fi tì í. Èmi tí mo tì í ò lè ṣí i." Ó wá dá ọwọ́ dúró. "Ṣé ẹ bá a ní títàn ni àbí ní pípa?"

"Ó wà lórí tábìlì," ni Kọ́kọ́rọ́ wí. "Wáyà wà lára ẹ̀. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n tó... mo gba ojú fèrèsé rí i."

"Kẹ́ ẹ tó kí ni?"

Kọ́kọ́rọ́ ń fọwọ́ pa ìdì irin rẹ̀.

"Torí tó bá jẹ́ pé ó ń ṣẹ́jú," ni Ẹnjiníà wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bọ̀ díẹ̀díẹ̀, "ó wà ní ṣíṣí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wọlé tẹ́ ẹ kàn gbé ìdérí ẹ̀ sókè, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò ní bátìrì. Iná tó bá kú lára ẹ̀ ló máa tì í pa. Ta ló pa iná?"

Dírẹ́bà yíjú. Òun náà ń gbé ilé yẹn, òun náà ti bá Kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá rẹ̀ rí, tó ń wo wáyà.

"Bàbá," ló wí. Kò ní bàbá mi mọ́. "Ẹ lọ pa súìṣì."

"Mo ní tí wọ́n bá bá mi níbẹ̀..."

"Ẹ fọwọ́ ara yín tì í!" Dírẹ́bà di kọ́là rẹ̀ mú, ìdì kọ́kọ́rọ́ sì ń ké lára rẹ̀ bí ohun tí wọ́n ń fún lọ́rùn. "Àgbà òfìfo! Ó wà ní ṣíṣí, ẹ wá fọwọ́ ara yín tì í!"

Ibẹ̀ ni Tàípíìsì bá wọn. Ó ti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ délé pẹ̀lú báńdéèjì lórí, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá tábìlì lófìfo, ó sì rántí pé òun kò pa á. Bó ṣe sáré débẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Onígbàjámọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Kò wo Dírẹ́bà. Kò wo Kọ́kọ́rọ́. Ẹnjiníà nìkan ló kọjú sí.

"Ṣé ó ṣí?"

"Kò ṣí, Ìyá."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí wáyà àti ìṣó. Lẹ́yìn náà ni Ẹnjiníà sọ fún un bó ṣe jẹ́, ti súìṣì, ti bó ṣe lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn ná kó tó wọlé. Tàípíìsì gbé ojú sókè wo Kọ́kọ́rọ́ tí bọ́tìnì ọrùn rẹ̀ ti já, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà kò dùn ún gbọ́. Ó rín in títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun," ló sọ. "Ẹ bá mi dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Dírẹ́bà fẹ́ já háàdì náà gbà, bóyá kó fọ́ ọ. Onígbàjámọ̀ kàn ṣí abẹ rẹ̀, ó wò ó bóyá ó mú. Dírẹ́bà jáde. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kó kúrò nínú ilé, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé kíátékà ló ba ayé òun jẹ́. Ẹ rí i, àwọn méjèèjì kì í jẹ̀bi nǹkan kan.

Àwọn ayálégbé kò ṣèpàdé. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ ra kọ́kọ́rọ́ tuntun fún ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìkejì. Tàípíìsì tẹ̀ lé e. Láàárín àsìkò díẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nínú ilé náà ló ti yí padà, wọ́n sì ra ẹ̀rọ panápaná kan kọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn nítorí iná. Kọ́kọ́rọ́ pe onílé lórí fóònù láti fẹjọ́ sùn. Onílé bi í bóyá òrùlé ń jò.

Ó ṣì ń so ìdì rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì. Ṣinwin-ṣinwin, lókè, nísàlẹ̀. Kò sí èyí tó lè ṣí nǹkan kan mọ́ níbẹ̀ àfi ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn sì ni kì í tì.

Láàárọ̀, bí Tàípíìsì bá ń tan ẹ̀rọ rẹ̀, Kọ́kọ́rọ́ á wá dúró lójú fèrèsé, á na ọrùn bí ẹni ń wo ìdíje bọ́ọ̀lù, á máa wo ìka obìnrin náà.

"Ìyá Tàípíìsì, kí lẹ ń tẹ̀ láràárọ̀ tó gùn tó báyẹn?"

"Ohun tí mo ti sọ fún yín rí ni, Bàbá. Lójúkorojú."

"Ìgbà wo?"

"Ẹ ti gbàgbé."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí dé òpin, láìkánjú, bí ẹni ń lá oyin: irin lásán lẹ kó sápò bàbá ẹ ò kó làákàyè kankan sórí. Ẹ̀rọ náà ṣí. Káàdì tí wọ́n ṣe fún Télọ̀ ti tán, oníbàárà pọ̀ níbi tó wà, ó ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n tẹ òmíràn sí i. Tàípíìsì yí ojú ẹ̀rọ kúrò lápá fèrèsé, ó ki páálí funfun bọ ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.